Gásíkẹ́ẹ̀tì Àlòkù: Èyí Tó Ṣeé Dá Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ àti Èyí Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Jù Nù

Jẹnẹrétọ̀ ti tú sílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ti ha èédú orí písítìnì dànù, gbogbo nọ́ọ̀tì ti wà nínú abọ́ ike kan. Ohun tó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe kò ju bébà pẹlẹbẹ kan tó ti dúdú lọ. Kò ya, kò jó. Ọmọ tó ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì á ní, "Bọ̀dá, ṣé a ò lè dá eléyìí padà síbẹ̀ ni?" Bó bá jẹ́ Ọ̀mùò tàbí Ìkọ̀lé ni wọ́n wà, tí ṣọ́ọ̀bù páàtì tó wà nítòsí kò sì ní irú rẹ̀, owó ọkọ̀ lọ sí Adó àti bọ̀ lè ju owó gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ. Ìbéèrè gidi lọmọ náà béèrè.

Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan á ní kò séwu, kí wọ́n ṣáà fi gọ́ọ̀mù sí i. Àwọn mìíràn á ní tuntun nìkan ni, láìwo ohun tó jẹ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ti sọ ẹ́ńjìnì púpọ̀ di ẹrù àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Èkejì ti mú kí àwọn èèyàn máa fi rúbà tó ṣì dáa ṣe pàṣípààrọ̀ fún tuntun tí kò nípọn tó. Kò ṣòro láti mọ èyí tó yẹ ká ṣe, bí a bá ti mọ ohun tí gásíkẹ́ẹ̀tì wà fún.

Ojú irin méjì tó kojú síra, bó ti wù kí wọ́n dán tó lójú wa, wọn kò tẹ́jú délẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ tó gbẹ́ wọn gbà kọjá ṣì wà níbẹ̀, òkè kéékèèké àti kòtò kéékèèké, bí ọ̀nà tó gun Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì so wọ́n pọ̀ lásán, ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ tàbí iná á rí àwọn kòtò yẹn gbà jáde. Ohun rírọ̀ tó ń dí wọn ni gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ti se mọ́ínmọ́ín rí mọ̀ ọ́n: a ó ta ọ̀rá bo ẹnu ìkòkò ká tó dé ọmọrí lé e, kí ooru má baà sá lọ. Ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń dá ooru dúró, ọmọrí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìkòkò ni. Nọ́ọ̀tì ni ọmọrí fún gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àlòkù ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣé ó lè padà sí bó ṣe wà? Bébà kò lè padà. Rúbà lè padà, títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bàbà kò lè padà fúnra rẹ̀, àmọ́ iná lè dá a padà. Bí ẹ bá ti mọ inú èwo nínú mẹ́ta yìí ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín wà, ẹ ti rí ìdajì ìdáhùn. Ìdajì tó kù ni ohun tó ń dá dúró: ṣé eruku ni, àbí ọ́ìlì tó kàn ń ta sókè, àbí bẹntiróòlù, àbí iná?

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ ká mú èyí kúrò nílẹ̀ ná, torí òun làwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí jù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kì àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà kì í ṣe ohun tí à ń lò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ onípọ́lọ́ọ̀gì kan bíi Honda GX160 àti àwọn ará Ṣáínà tó jọ ọ́, tó ń fún wa ní iná 50 Hz, ìgbà 3000 ni kíránkì rẹ̀, irin tí písítìnì ń yí, ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé iná kan ló ń bù gbàmù nínú ìyípo méjì, ìgbà 25 ni iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà létí ihò ńlá àárín rẹ̀, òun ló ń kojú iná. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dì í ni òrùka yìí ti pẹlẹbẹ, tí bébà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti run mọ́ àwọn òkè àti kòtò ojú irin náà gẹ́lẹ́. Bí a bá ṣí i, tí a tún dá a padà, kò ní bọ́ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó tilẹ̀ ṣe bí irun orí kan ló fi yẹ̀, òkè á bọ́ sórí òkè, kòtò á bọ́ sórí kòtò.

Ẹ́ńjìnì á tan o. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ó lè ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó lè ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, kí iná tó rí ọ̀nà kékeré kan gbà. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa gbọ́ "fì, fì, fì" lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà, ìlà dúdú bíi ti èéfín àdògán á fara hàn níbi tí irin méjèèjì ti pàdé, fífà á láti tan á sì rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ torí kọ̀mpírẹ́sọ̀nù ti ń sá. Bí ẹ bá tún fi sílẹ̀ báyẹn, iná tó ń gba ibi tóóró jáde á máa gbẹ́ irin alumíníọ̀mù bí omi ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Nígbà náà, owó tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni ẹ ń wá, ọ̀rọ̀ ti kọjá owó gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ti mọ́tò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi àti ọ́ìlì jọ ń gba inú gásíkẹ́ẹ̀tì kan náà kọjá. Ọ́ìlì tó bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi rédíétọ̀ tó ń hó pọ̀ọ́kù-pọ̀ọ́kù bí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnì tútù, èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró: ibi kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbà yìí ń lo oníirin alábala mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n fi rúbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn. Èyí ló ń tan ojú jẹ jù, torí pé lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́, ó ṣì ń dán bíi tuntun. Rúbà tí wọ́n kùn sí i lára ti ṣẹ́kù sára búlọ́ọ̀kì. Ẹ fi èékánná ha ojú búlọ́ọ̀kì wò, ẹ ó rí i.

Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Má fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù sára tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, tuntun tàbí àlòkù. Iná ń jó o, ó sì ń yọ̀ bí ilá nígbà tó ṣì tutù, tí ìfúnpa nọ́ọ̀tì á fi ti gásíkẹ́ẹ̀tì síta. Èyí tó bá já á bọ́ sí ojú ọ̀nà omi.

Nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù sìlíńdà nìkan ló kù ká sọ̀rọ̀ lé. Ti GX160 ṣeé dá padà bí ojú rẹ̀ kò bá tíì yọ́. Ti àwọn mọ́tò kan kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìwé ìtọ́ni bá ní kẹ́ ẹ di í dé iye kan, kẹ́ ẹ wá tún yí i ní 90°, ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀tì tó ń nà ni. Ó ní gígùn tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kí ẹ wọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ ra tuntun.

Dídi rẹ̀ náà ṣe pàtàkì bí gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Honda ní kí wọ́n di nọ́ọ̀tì mẹ́rin tọ́ọ̀pù GX160 dé 24 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní sípánà tó ń ka irú agbára bẹ́ẹ̀, àmọ́ òṣùwọ̀n onísípíríìngì tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ọkọ̀ òfuurufú tàbí ẹran lè ṣe é. Ẹ fi ìko rẹ̀ kọ́ ibi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín nọ́ọ̀tì lára ọwọ́ sípánà, ẹ fà á ní igun gbọọrọ sí ọwọ́ sípánà, títí yóò fi ka kílò 10. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 24 Nm gan-an. Ẹ má ṣe dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ kọ́kọ́ di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé kílò 4, lẹ́yìn náà 7, lẹ́yìn náà 10, kí ẹ sì máa fo láti igun kan sí igun tó kojú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ fa ọ́ìlì àti omi jáde nínú ihò nọ́ọ̀tì ṣáájú. Ihò tí kò yọ sí òdìkejì, tí ọ́ìlì bá kún inú rẹ̀, nọ́ọ̀tì á máa ti ọ́ìlì náà mọ́lẹ̀, irin á là.

Bàbà tí iná ń sọ di rírọ̀

Wáṣà bàbà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì ìgbà-ọ́ìlì-jáde àti lára páìpù dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ ìlọgààrí ni ẹbí kan tó ṣeé lò léraléra, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń jù nù. Ìdí tí wáṣà àlòkù fi ń jò ni pé títẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ ti mú kó le. Bàbà líle kì í run mọ́ ojú irin. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ fi wáyà irin gbé e kọ́, ẹ nà án sórí iná gáàsì nínú ilé tó ṣókùnkùn díẹ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, torí pé oòrùn kò ní jẹ́ kí ẹ rí àwọ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á máa yí bí ọ́ìlì tó kán sórí omi, lẹ́yìn náà á dúdú. Ẹ máa wò ó títí yóò fi pọ́n ní pípọ́n tí kò tàn, bí ẹyin iná tó ti fẹ́ kú. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ẹ jù ú sínú omi. Irin lásán tí a bá ṣe báyìí á le sí i, bàbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa rọ̀ yálà ẹ jù ú sómi tàbí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ohun tí omi ń ṣe ni pé ó ń já èèpo dúdú kúrò lára rẹ̀. Ẹ gbé sáńpépà 400 sórí dígí, ẹ fi wáṣà náà yí i lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ojú méjèèjì mọ́. Ẹ má ha á títí tí yóò fi tín-ín-rín. Bí ẹ bá rí ìlà tó gba ojú rẹ̀ kọjá láti inú sí ìta, ẹ jù ú nù, nítorí ojú ọ̀nà ọ́ìlì nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó jọ bàbà tí kì í ṣe bàbà. Wáṣà alumíníọ̀mù, tó funfun tó sì fúyẹ́, ń yọ́ ní 660°C láìkọ́kọ́ pọ́n fún yín rí. Ẹ ó kàn ṣàdédé rí i tó di omi ni. Tuntun ni ti òun. Wáṣà irin tí rúbà wà nínú ihò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí iná rárá.

Wáṣà tó wà nídìí ínjẹ́tọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ní ọ̀ràn tirẹ̀. Nínípọn rẹ̀ ló ń sọ bí ẹnu ínjẹ́tọ̀ á ṣe wọlé jìn tó, nítorí náà ẹ ra èyí tó bá iwọ̀n mu bí ẹ bá lè rí i. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ tan iná wo inú ihò náà. Àlòkù sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, èèyàn á rò pé ó ti jáde, á fi òmíràn lé e lórí, ẹ̀rọ ìlọta á wá máa tu èéfín dúdú tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó fà á.

Ti pọ́lọ́ọ̀gì rọrùn. Wáṣà tó ká mọ́ra nídìí rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, iná kò lè dá a padà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ẹ kò bá di í jù. Ẹ fi ọwọ́ yí pọ́lọ́ọ̀gì wọlé títí yóò fi jókòó. Bí tuntun bá ni, ẹ fi sípánà yí i ní ìdajì ìyípo. Bí àlòkù bá ni, ìdá kan nínú mẹ́jọ sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo ti tó. Àwọn tó ń fún àlòkù bíi tuntun ló ń yọ́ ojú ihò pọ́lọ́ọ̀gì.

Rúbà: ẹ bi í léèrè kó dá yín lóhùn

Rúbà ni ibi tí ìpinnu ti pọ̀ jù, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ló ń kú. Gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ọmọrí tó wà lórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà), ó-ríìnì (rúbà bí òrùka), rúbà abọ́ kábúrétọ̀, gbogbo wọn ló lè padà sẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n bá ṣì ní okun nínú.

Ẹ dá a padà sínú kòtò tó ń jókòó sí, kí ẹ wò ó látẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́dọ̀ yọ sókè ju etí kòtò náà lọ. Rúbà tó nípọn 2.5 mm nínú kòtò tó jìn 2 mm yẹ kó yọ sókè bí 0.5 mm. Bí òun àti etí kòtò bá ti dọ́gba, kò sí ohun tí ọmọrí máa tẹ̀ mọ́, ó ti kú nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ká a láàárín ìka méjì kí ẹ wo ẹ̀yìn ibi tó tẹ̀. Bó bá sán bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ jù ú nù. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: ojú èékánná yẹ kó parẹ́ lójú yín. Ó-ríìnì tó ti róbótó tẹ́lẹ̀ tó wá ní igun mẹ́rin, ẹ má wulẹ̀ yẹ ìyókù wò.

Ti kábúrétọ̀ ní àrékérekè kan tó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra rúbà tí wọn kò nílò. Ẹ ṣí abọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fọ jẹ́ẹ̀tì (ibi tóóró tí bẹntiróòlù ń gbà), ẹ fẹ́ dì í padà, rúbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú kòtò rẹ̀ wá gùn jù, kò wọlé mọ́. Kò bàjẹ́. Bẹntiróòlù ló mu, tó wú. Ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí di ọjọ́ kejì, kì í ṣe inú oòrùn gangan, yóò sábà sún padà. Bí kò bá sún, nígbà náà ni kí ẹ ra tuntun. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ máa fi bẹntiróòlù fọ rúbà: omi ọṣẹ ló yẹ ẹ́. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára kí ẹ tó dá a padà, kó má baà ká kò níbi tó ti ń wọlé.

Rúbà bíréèkì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ti ṣí i, tuntun ni, kò sí ìjíròrò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí gírísì lásán kò sì gbọ́dọ̀ kàn án, torí irú rúbà mìíràn ni, ọ́ìlì á mú un wú. Bíréèkì fúlúùdù nìkan ni ẹ lè fi pa á lára.

Ọ́ìlì síìlì, àti ìdí tí ti "I pass my neighbour" fi yàtọ̀

Ọ́ìlì síìlì kì í jókòó jẹ́ẹ́ bíi gásíkẹ́ẹ̀tì. Ètè rúbà kan ló fẹnu kan kíránkì tó ń yí, sípíríìngì tín-ín-rín kan sì yí ètè náà ká tó ń fún un mọ́ra. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, tí kò sì jò, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ti fi sìkùrúdíráfà kọ́ ọ jáde, ara irin rẹ̀ ti wọ́, kò ní padà róbótó mọ́. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ 25 41 6, kíránkì tó ń gbà kọjá jẹ́ 25 mm, ihò tó ń jókòó sí jẹ́ 41, ó sì nípọn 6. Ẹ ka nọ́ńbà náà fún ẹni tó ń tajà, ẹ má sọ orúkọ ẹ́ńjìnì nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i, ẹ fi ìka wo ara kíránkì ná. Ìlà tí ètè àtijọ́ ti gbẹ́ síbẹ̀ lè mú èékánná. Bó bá mú èékánná, ẹ má gbá síìlì tuntun wọlé dé ibi tí àtijọ́ dé: ẹ fi mìlímítà kan tàbí méjì dín in kù, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sójú irin tó ṣì dán. Ẹ fi téèpù tàbí ọ̀rá bo ojú kíì àti ojú nọ́ọ̀tì tó wà lórí kíránkì kí ètè má gé, ẹ fi gírísì pa á, kí ibi tí sípíríìngì wà kọjú sí ọ́ìlì. Páìpù tó tó ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ fi gbá a wọlé, kó lè lọ bákan náà yíká.

Lára ẹ́ńjìnì tó ń lo ọ́ìlì lọ́tọ̀, síìlì tó rẹ̀ á kàn máa kán ọ́ìlì sílẹ̀. Ìbànújẹ́ ni, àmọ́ ẹ ó rí i. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour", tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, mílílítà 20 fún lítà kan bó bá jẹ́ 50 sí 1, kì í kán ohunkóhun sílẹ̀. Inú àpótí kíránkì ni bẹntiróòlù wọn ń gbà kọjá kó tó dé orí písítìnì. Síìlì tó rẹ̀ á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ á pọ̀ jù, bẹntiróòlù á kéré, ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ náà á sì kéré. Ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń sáré fúnra rẹ̀ bíi pé bẹntiróòlù fẹ́ tán, orí pọ́lọ́ọ̀gì á funfun bí ẹfun dípò kó ní àwọ̀ kọfí, bó bá yá, písítìnì á gan mọ́ sìlíńdà. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí sìlíńdà ẹ̀rọ yìí náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tó dà bí ìjò kékeré lára ẹ́ńjìnì ńlá ló ń pa kékeré. Nítorí náà, kò sí àlòkù síìlì fún un.

Bébà tí ẹ lè gé fúnra yín

Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ike dúdú tó ń dá ooru dúró, tàbí lára ọmọrí ẹ̀gbẹ́, lè padà bó bá jáde lódindi, tí kò fi ìdajì ara rẹ̀ sílẹ̀ sára irin, tí kò sì le gbagidi. Ẹ fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Àmọ́ gígé tuntun kò ṣòro: àwọn tó ń ta páàtì ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ ń gé bébà gásíkẹ́ẹ̀tì tà. Ẹ fi ọ́ìlì dúdú kun ojú irin náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bí ìgbà tí à ń tẹ òǹtẹ̀, ẹ ó rí gbogbo ihò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò nọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà kí ẹ gé inú, ìta ló gbẹ̀yìn. Àwọn tó ń fi òòlù lu bébà lórí etí irin kó lè já fúnra rẹ̀ ń yára, etí alumíníọ̀mù ló sì ń san gbèsè náà.

Nínípọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níbi méjì: ìdí sìlíńdà, àti ọmọrí ẹ̀gbẹ́ tí bíárìnì kíránkì wà nínú rẹ̀. Èyí tó nípọn jù á dín kọ̀mpírẹ́sọ̀nù kù, tàbí á jẹ́ kí kíránkì máa sún síwá sẹ́yìn. Èyí tó tín-ín-rín jù á fún bíárìnì pa. Ẹ fi káálípà, irin tí a fi ń wọn nínípọn nǹkan, wọn àtijọ́ níbi tí nọ́ọ̀tì kò tẹ̀. Páálí kọ́fà ìwé ọmọ iléèwé tí àwọn kan ń lò lè gbé yín délé lára ọmọrí tí kò dá ju eruku dúró lọ. Níbi bẹntiróòlù, á rọ bí ẹ̀kọ tó bọ́ somi.

Gọ́ọ̀mù ní ibi tó dáa sí: ojú irin tí wọ́n ṣe láìní gásíkẹ́ẹ̀tì, bí àwo ìsàlẹ̀ ọ́ìlì àwọn mọ́tò kan, àti igun tí irin mẹ́ta ti pàdé. Ìlà kan tó fẹ̀ tó 2 sí 3 mm ti tó, ẹ yí i gba apá inú ihò nọ́ọ̀tì, ẹ dì í pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má da ọ́ìlì sí i títí di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá fún jáde níta, ẹ rí i, kò pa yín lára. Bákan náà ni iye rẹ̀ ń fún wọ inú. Òun ló ń já bọ́ sínú ọ́ìlì, tó ń lọ dí ẹnu ajọ̀ páǹpù ọ́ìlì, tí ẹ́ńjìnì fi ń kanlẹ̀ lójijì lẹ́yìn oṣù kan. Lára kábúrétọ̀, ẹ má lò ó rárá: bẹntiróòlù ń mú un wú, ó ń já, ó ń lọ jókòó sínú jẹ́ẹ̀tì.

Ti sàlẹ́ńsà, tuntun ni ẹ ra. Kò wọ́n, gbígbóná ló ti sọ àtijọ́ di eérú, èéfín tó sì ń jò níbẹ̀ ń pa èèyàn bó bá rí fèrèsé gbà wọlé.

Ojú irin, kí ẹ tó dì í

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí ìdọ̀tí kò sàn ju àlòkù lọ. Ẹ fi ike líle tàbí réṣà tó dùbúlẹ̀ ha èyí tó lẹ̀, ẹ má gbé fáìlì tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin sí ojú alumíníọ̀mù. Ẹ fi aṣọ dí inú sìlíńdà kí iyẹ̀ má wọlé. Ẹ gbé rúlà irin sórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà láti igun dé igun, kí ẹ gbìyànjú láti ti fílà gééjì (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) 0.10 mm sábẹ́ rẹ̀. Bó bá wọlé, irin ti wọ́ kọjá ààlà tí Honda fún GX160. Ẹ tẹ́ sáńpépà 400 sórí dígí nínípọn, ẹ ta ọ́ìlì díẹ̀ sí i, ẹ fi irin náà yí nọ́ńbà 8 lórí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan náà. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn náà, torí iyanrìn sáńpépà tó bá ṣẹ́kù á jẹ òrùka písítìnì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to gbogbo rẹ̀ padà, ẹ wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì GX160 nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, 0.15 mm fún ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, 0.20 mm fún ibi tí èéfín ń gbà jáde, torí nínípọn gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lè yí i padà. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìgbé ẹrù kankan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìfófó ọṣẹ yíká ibi tí kábúrétọ̀ ti pàdé sìlíńdà. Bí ìró ẹ́ńjìnì bá yí padà bí ọṣẹ ṣe kan ibẹ̀, tàbí tí ìfófó náà bá ń wọlé dípò kó dúró, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi ọṣẹ náà kan ojú ibi tí tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti pàdé búlọ́ọ̀kì kó tó gbóná jù. Ibi tó bá ń tu bọ́ọ̀lù kéékèèké jáde ni kí ẹ fi ẹfun sàmì sí, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ jẹ́ kó tutù délẹ̀ kí sípánà tó tún kàn án.